Aràn inú ẹja Odò Ọya: ta ló sọ ọ́ lórúkọ?

Ní Sátidé kan, mo wà nílé Àǹtí mi ní Altona, ní Hamburg. A fẹ́ se ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja àrọ̀. Àǹtí ti ra ẹja náà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, wọ́n ti gbé e jáde nínú fírísà láti àárọ̀, wọ́n sì ní kí n fi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìfun díẹ̀ ṣì kù nínú ẹja náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan funfun kan, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, kò gùn tó ìka ọmọdé. Mo pariwo. Àǹtí ò tiẹ̀ yíjú wò mí.

“Aràn ni. Gé ibẹ̀ dànù, kí o sì tún un fọ̀.”

“Aràn wo, Àǹtí?”

“Aràn wo báwo? Ṣé o fẹ́ kó sọ orúkọ ẹ̀ fún ẹ ni?”

Àwọn ọmọ Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo wá ìgò jáàmù kékeré kan, mo fi aràn náà sí i, mo da ọtí fódíkà díẹ̀ lé e lórí, mo sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì padà sí Berlin. Àǹtí ní wọn ò rán mi níléèwé kí n máa gbé aràn kiri. Ẹja yẹn dùn gan-an, mo jẹ ẹ́, n kò sì ṣàìsàn. Kí n tètè sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Ẹja tí iná mú dáadáa, aràn inú rẹ̀ ti kú. Ẹja tútù tí à ń jẹ láìsè ni ó yẹ ká bẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fi sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ sínú òtútù tó tó ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo fún wákàtí 24, ó kéré tán. Ẹ̀yin olólùfẹ́ súṣì, ẹ kú orí ire.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì níbí. Òun ni mo gbé ìgò náà fún. Ó tẹ́ aràn náà sórí gíláàsì, ó wo inú máíkíróskóòpù fún ìgbà díẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀.

“Ó ti bàjẹ́. Mo lè sọ pé aràn pẹlẹbẹ ni. Bí mo bá sọ ju ìyẹn lọ, irọ́ ni mo ń pa.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Bí ẹja bá ti kú, aràn inú rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, láàárín wákàtí díẹ̀ á ti máa jẹrà. Yìnyín fírísà á tún fa ẹran ara rẹ̀ ya. Èmi náà wá fi ọtí tútù ṣe ìyókù, ó sún kì. Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn, ọjọ́ tí wọ́n bá pa ẹja náà ni wọ́n ń la inú rẹ̀. Wọ́n á mú aràn náà nígbà tó ṣì ń rìn, wọ́n á fi omi iyọ̀ ṣan án, wọ́n á sì da fọ́málìnì gbígbóná lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè kú ní nínà gbalaja, kó má rí àyè láti kájọ. Wọ́n á gé díẹ̀ sínú ọtí líle fún àyẹ̀wò DNA. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: ẹja wo, odò wo, ọjọ́ wo, apá ibo nínú ẹja.

“Ibo ni wọ́n ti mú ẹja yìí?” ó bi mí.

N kò mọ̀. Páálí ẹja náà ti wà nínú ilẹ̀kùn ìdọ̀tí ní Hamburg. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹja àrọ̀ Áfíríkà ti wà nínú àwọn oko ẹja ní Jámánì níhìn-ín pàápàá, wọ́n ń sìn ín ní Mecklenburg-Vorpommern. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí ẹja inú ọbẹ̀ Àǹtí jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní Jámánì bíi tèmi, tí kò tíì fojú kan Áfíríkà rí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ibi tí a ti wá yìí kò yọ ẹja sílẹ̀.

Ìgò mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mú mi wá ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ. Èdè wa kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Parasit, àwa ti ní àfòmọ́ tipẹ́tipẹ́: ewéko tó ń hù lórí igi oníigi, tí kò ní gbòǹgbò tirẹ̀, tó sì ń bá gbogbo igi tan. Jámánì tún ní Schmarotzer, ṣùgbọ́n èébú ni ìyẹn, ẹni tó ń jẹ níbi tí kò ti dáná ni wọ́n ń bú bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn àfòmọ́ jù. Ó ń sọ bí nǹkan náà ṣe ń gbé, kò bú u.

Àfòmọ́ inú ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Wenyonia. Orúkọ méjì-méjì ni àwọn onímọ̀ ń fún ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ rántí ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ní kíláàsì: orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, orúkọ ọmọ á tẹ̀lé e. Wenyonia ni orúkọ ìdílé. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, W. N. F. Woodland, ló dá ìdílé náà sílẹ̀ ní ọdún 1923, láti inú àwọn ẹja tí wọ́n mú ní Sudan. Ó fi orúkọ náà yẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn sí, Charles Wenyon, tó ti ṣiṣẹ́ lórí àrùn ilẹ̀ olóoru. Ní 1937, Woodland fi ọmọ ìyá kan kún un láti Sierra Leone, ó pe ìyẹn ní Wenyonia longicauda.

Ẹja tí aràn yìí ń gbé inú rẹ̀ jù lọ ni Synodontis, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí àrọ̀: ó ní irùngbọ̀n bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún líle lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá sì mú un jáde nínú omi, ó máa ń fi ẹ̀gún náà dún bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo. Irú rẹ̀ lé ní 100 ní Áfíríkà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ọ̀kan rí láìmọ̀. Ẹ wọ ilé ìtajà ẹja ọ̀ṣọ́ èyíkéyìí ní Berlin, ẹ béèrè Kongowels tó ń wẹ̀ ní ìdojúdé, tí ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Synodontis ni.

Ní ọdún 1972, ẹnì kan tí kì í ṣe ará Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ìtàn náà. Frank Ukoli, onímọ̀ nípa àfòmọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa aràn Wenyonia inú ẹja Odò Ọya, odò tí àwọn ìwé ìléèwé wa níbí ń pè ní Niger. Ẹ̀yà mẹ́rin ló sọ pé wọ́n jẹ́ tuntun, ó sì fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ: Wenyonia synodontis, Wenyonia youdeoweii, Wenyonia mcconnelli àti Wenyonia kainjii. Ẹ wo ti ìkẹyìn yẹn dáadáa. Kainji ni ibi tí wọ́n ti dí Odò Ọya, wọ́n parí dáàmù náà ní 1968, omi sì bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ Nàìjíríà kan gbé orúkọ Kainji wọ inú àkọsílẹ̀ tí gbogbo onímọ̀ ẹranko ayé ń lò. Màámi kàwé ní Ìbàdàn. Wọn ò gbọ́ èyí rí títí tí mo fi sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù. Èmi náà mọ Soyinka, mo mọ Achebe, mo mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣeré ní Bundesliga. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé Ìbàdàn ti ń sọ aràn lórúkọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aràn kan jẹ́ tuntun? Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti le. Ọ̀pọ̀ aràn pẹlẹbẹ ni ara wọn pín sí oríkèé-oríkèé bí ìrèké, oríkèé kọ̀ọ̀kan á sì ní ẹyin tirẹ̀. Wenyonia ò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, òun fúnra rẹ̀ ni akọ, òun náà ni abo. Nínú ìran ńlá tí Wenyonia ti jáde, ẹyin aràn máa ń bá ìgbẹ́ ẹja jáde sínú omi, kòkòrò pupa kéékèèké inú ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́, ẹja tó ń jẹ ìsàlẹ̀ odò á wá jẹ kòkòrò náà. Báyìí ni àfòmọ́ ṣe ń padà sílé.

Aràn tí wọ́n bá fi fọ́málìnì gbígbóná pa, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró pupa kí inú rẹ̀ lè hàn. Wọ́n á wo orí rẹ̀, bóyá ó ṣe ṣóńṣó ni àbí ó tẹ́. Wọ́n á wo ibi tí ihò ìbímọ rẹ̀ wà: iwájú ara ló ti máa ń ṣí ní ti Wenyonia, èyí ló yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ìbátan rẹ̀. Wọ́n á wo ibi tí ilé ẹyin dé, ibi tí àwọn kórópọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí sí. Wọ́n á wọn gbogbo rẹ̀. Aràn kan ṣoṣo ò tó, wọ́n nílò púpọ̀, torí àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé, èyí tó sún kì yàtọ̀ sí èyí tó nà. Ẹ mú fọ́tò ìwé ìrìnnà yín, èyí tí wọ́n ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìbí yín. Àlejò lè búra pé ènìyàn méjì ni.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé tòun jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ wá fi í wé gbogbo èyí tó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn. Orúkọ kọ̀ọ̀kan so mọ́ ẹyọ aràn kan pàtó, aràn gidi, tó wà lórí gíláàsì tàbí nínú ìgò níbì kan. Láti ọdún 2000, òfin àgbáyé tó de ìsọlórúkọ ẹranko sọ pé ẹni tó bá mú orúkọ tuntun wá gbọ́dọ̀ yan ẹyọ náà, kí ó sì sọ ilé ìkóǹkansí tó wà. Ọ̀rọ̀ wá di pé: àwọn ilé náà, ibo ni wọ́n wà?

Ọ̀kan wà ní ọ̀nà tí mo ń gbà lọ síléèwé. Museum für Naturkunde, ní Invalidenstraße, ní Berlin. Ẹ̀yin tí ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kíláàsì yín, egungun ẹranko gàgàrà ayé àtijọ́ yẹn ló gba gbogbo ojú yín. Nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ rìn kọjá rẹ̀ lọ sí apá ìlà oòrùn ilé náà. Yàrá gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ga bí ilé, ìgò ló kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè: ẹja, ejò, alákàn, gbogbo wọn lúwẹ̀ẹ́ nínú ọtí. Ìgò náà tó 276,000, ohun tó wà nínú wọn tó mílíọ̀nù kan. Bọ́ǹbù ba apá ilé yẹn jẹ́ ní February 1945, ó sì wà ní àwókù títí wọ́n fi tún un kọ́, tí wọ́n ṣí i ní 2010. Mo dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí kò sí èrò, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ oyin ń tàn lára àwọn ẹja tí kò mọ̀ pé ogun jà. N kò rí aràn kankan láti ìta. Ṣùgbọ́n aràn pọ̀ ní mùsíọ́mù náà, ẹni tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Karl Asmund Rudolphi.

Stockholm ni wọ́n bí Rudolphi sí ní 1771. Ó dé Berlin ní 1810, nígbà tí yunifásítì tuntun ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá ìmọ̀ nípa aràn. Ó kọ ìwé ńlá nípa aràn inú ara láàárín 1808 sí 1810, ó tún kọ òmíràn ní 1819, tí aràn láti Brazil pàápàá wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí to aràn ayé lẹ́sẹẹsẹ, síbẹ̀ ó gbà títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1832 pé inú ara ẹranko fúnra rẹ̀ ni aràn ti ń hù jáde. Màámi gbà pé ṣúgà ló ń bí aràn. N kò rí ìdí tí mo fi máa bá wọn jiyàn mọ́.

Hamburg náà ní tirẹ̀. Mùsíọ́mù ẹranko wọn jóná nígbà tí bọ́ǹbù rọ̀ lé ìlú náà lórí ní 1943. Àwọn ìgò ọtí tí wọ́n ti kó pamọ́ síbòmíràn ló yè é. Ilé ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru, èyí tí à ń fi orúkọ Bernhard Nocht pè, wà lókè èbúté láti ọdún 1900, torí àwọn ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ti gbà ní Áfíríkà ló fi wáyé. Bí ẹ bá dúró ní St. Pauli, ẹ máa rí ilé náà àti omi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹja Áfíríkà fi pọ̀ nínú ìgò Jámánì kò nílò olùkọ́ ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ukoli. Ní ọdún 2011, àwọn mẹ́rin kan tẹ àyẹ̀wò tuntun jáde lórí gbogbo ìdílé Wenyonia: Bjoern Schaeffner, Miloslav Jirků, Zuheir Mahmoud láti Khartoum, àti Tomáš Scholz láti ilẹ̀ Czech. Wọ́n lo aràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ní Kenya, Senegal àti Sudan, wọ́n sì tún wo àwọn ẹyọ àtijọ́ tó wà ní mùsíọ́mù. Nígbà tí wọ́n parí, ẹ̀yà mẹ́fà péré ló dúró. Méjì nínú mẹ́rin Ukoli wà lára mẹ́fà náà, synodontis àti youdeoweii. Méjì kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní aràn tó ti ní orúkọ mìíràn ni wọ́n. Kainjii ti rì.

Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo kà á lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Neukölln ní nǹkan bí aago méjì òru, mo sì sọ fún ara mi pé, ẹ wò ó, orúkọ kan tí a rí fi sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tún ti yọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Kò bá mi dárò. Ó ní orúkọ tó ti rì nínú àwọn ti Rudolphi kò lóǹkà, ẹnikẹ́ni kì í sunkún ní Berlin. Ó ní bí ẹ̀yà méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ló ń borí, aláwọ̀ funfun ni o tàbí aláwọ̀ dúdú. Ó wá ní ohun tó ṣe pàtàkì ni pé méjì dúró. Ogójì ọdún ó dín ọ̀kan lẹ́yìn tí Ukoli jókòó sídìí máíkíróskóòpù rẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀rọ tó lágbára ju tirẹ̀ lọ tún un wò, wọ́n sì gbà pé òótọ́ ló rí.

Mo gba tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Òfin náà kò ṣe ojúsàájú, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lo òfin náà nílò owó ọkọ̀ òfurufú, ó nílò lẹ́tà ìyọ̀ǹda mùsíọ́mù, ó nílò iná mànàmáná tí kì í lọ kí fírísà DNA rẹ̀ má yọ́. Ukoli mọ ìyẹn dáadáa. Ní 1984 ó kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan nípa àfòmọ́ ní Áfíríkà olóoru, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ kún fún àfòmọ́ àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún wo orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí àwọn aràn tuntun 2011 ti wá. Odò Ọya ni Ukoli ti kó tirẹ̀. Bí ọmọ Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí New Bussa kan bá lọ la inú Synodontis ní Kainji lọ́la, tó pa aràn rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó sì ka DNA rẹ̀, ọ̀rọ̀ kainjii lè tún ṣí. Ó lè wà ní rírì náà. Ṣùgbọ́n a ó mọ̀ pé láti inú odò tirẹ̀ ni ìdájọ́ ti wá.

Àwọn kan á ní, aràn ẹja ni gbogbo ariwo yìí, kí ló kàn wá? Ẹ bi àwọn ará Hamburg. Ẹja kan wà tó gùn bí ejò, Aal ni wọ́n ń pè é, àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ń fi se ọbẹ̀ tó lókìkí. Ní 1974, àwọn ará Japan ṣe àpèjúwe aràn kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú àpò afẹ́fẹ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Anguillicola crassus. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1982, wọ́n rí i ní àríwá Jámánì. Àwọn oníṣòwò ti kó Aal ààyè wá láti Éṣíà, àfòmọ́ sì bá wọn wọ ọkọ̀ láìsan owó. Aal ti Éṣíà ti bá a gbé láti ayébáyé, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Ti Yúróòpù kò mọ̀ ọ́n rí. Ó máa ń ba àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ àpò yẹn ni ẹja náà nílò láti wẹ̀ gba Òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Òkun Sargasso tó ń pamọ sí. Láti 2008 ni Aal Yúróòpù ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá láyé. Aràn yìí nìkan kọ́ ló fà á, dáàmù wà níbẹ̀, àpẹjù náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ níbí la inú ẹja wọn, tí wọ́n sì rí àlejò, wọ́n lè ṣí ìwé kí wọ́n sì rí ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ti wá, torí ẹnì kan ní Japan ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀. Títí dòní, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé ìwádìí omi tó wà létí adágún Müggelsee, ní Friedrichshagen, níbi tí àwa ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní àkókò ooru.

Nísinsìnyí, ẹ yí ìtàn náà padà. Epìyà, ẹja Áfíríkà, ti dé gbogbo ayé: China, Brazil, Thailand, gbogbo wọn ń sìn ín. Àwọn aràn tíńtínní kan ń gbé níbi pupa tí epìyà fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìwọ̀ tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni wọ́n fi ń dì í mú. Cichlidogyrus ni orúkọ ìdílé wọn. Ẹ̀yà wọn tí ó ti ní orúkọ lé ní 100, ìwọ̀ wọn àti ẹ̀yà akọ wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Ilan Paperna, Louis Euzet àti Antoine Pariselle sọ lórúkọ, láti inú ẹja Ghana, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Wọ́n bá epìyà rìnrìn àjò. Bí ẹja oko kan bá ń kú ní òdìkejì ayé, ẹni tó ń wá ìdí rẹ̀ á dé orí gíláàsì kékeré kan tí aràn láti odò wa wà lórí rẹ̀. Nàìjíríà náà kún fún oko ẹja àrọ̀. Bí àfòmọ́ tí kò ní orúkọ bá wọ ibẹ̀, kí ni àgbẹ̀ á sọ fún dókítà ẹran? Á sọ ohun tí Àǹtí mi sọ. Aràn ni.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja Odò Ọya wá sí Berlin kàn ń kó o ni. Àdéhùn Nagoya, tí wọ́n ṣe ní 2010 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, ti sọ pé ìjọba ibi tí nǹkan ẹlẹ́mìí ti wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìlú náà sì jẹ nínú èrè tó bá tìdí rẹ̀ yọ. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ń sọ ìwé di púpọ̀, pé aràn á ti kú kí lẹ́tà tó dé. Mo ní kó má bínú, ìwé ni wọ́n fi ń dá àwọn ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ẹ́ḿbásì, aràn náà lè dúró díẹ̀.

Mo pe Àǹtí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti sọ gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi parí, ohun tó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n wá béèrè pé: “Orúkọ èyí tó wà nínú ẹja mi wá ń jẹ́ kí ni?”

Mo ní a ò mọ̀.

“Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà yẹn?”

Ìgò jáàmù náà ṣì wà lójú fèrèsé mi. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀ kí n dà á nù. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ lébẹ́lì sí i bí àwọn tòótọ́ ṣe ń kọ ọ́, pẹ́ńsù ni kí n fi kọ ọ́ torí ọtí máa ń pa yíǹkì rẹ́. Mo kọ ọ́: aràn pẹlẹbẹ, inú ìfun ẹja àrọ̀, ilé ìdáná Àǹtí, Altona, Hamburg. Ìlà tó kàn ni odò tí wọ́n ti mú ẹja náà. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ lófìfo. Àǹtí ti ṣèlérí pé bí àwọn bá tún ra ẹja, àwọn ò ní ju páálí rẹ̀ nù.